Àkísà Ìyá Mi Lórí Okùn

Ìgàndò,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí aṣọ ti gbẹ.

Mojí, Àbẹ̀ní mi, ọmọ tí mo bí tó ti di ìyá ọmọ,

Mo kí ọ kú ewu. Àlejò kékeré tí o gbà yẹn, Ọlọ́run yóò bá wa wò ó dàgbà. Láti ọjọ́ tí dẹ́rẹ́bà Kàdúná ti mú ìròyìn wá ni mo ti ń kí ọ nínú ọkàn mi. Mo ń kí ọ bí mo bá ń fọ abọ́, mo ń kí ọ bí mo bá ń fa omi nínú kànga. Ṣùgbọ́n ìkíni inú ọkàn kì í dé etí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. O ní ọmọ náà jọ mí níwájú orí. O ní ìyá ọkọ rẹ ti dé láti máa wẹ̀ ẹ́, wọn kò sì jẹ́ kí o fọwọ́ kan omi tútù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìsàlẹ̀ ìwé lo wá kọ ọ́ sí pé: "Màmá, ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà lórí aṣọ ìdí ọmọ o. Nápì àlòsọnù la ń lò, Káyọ̀dé ti rà á jọ. Ayé ti kúrò ní ti àkísà. Ẹ sinmi jàre."

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ lo fi kọ ọ́. Àmọ́ mo ti gé aṣọ kí ìwé rẹ tó dé. Ìró mi aláró tó o máa ń fi bojú tí o bá ń sunkún, èyí olómi ewé tí mo ró lọ ṣe ìkómọ àbúrò rẹ, àti bùbá bàbá rẹ kan tí ọrùn rẹ̀ ti ya, gbogbo wọn ti di onígun mẹ́rin. Mo ti ṣẹ́ etí wọn. Wọ́n wà nínú àpò lórí bẹ́ẹ̀dì tí o máa ń sùn sí.

Àbẹ̀ní, n kò ní fọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ. Mo fẹ́ wá. N kò tíì fojú kan ọmọ náà, apá mi sì ń yún mi. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọkọ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ìyá ìyàwó kì í já wọlé lójijì. Ó ń dúró dìgbà tí wọ́n bá pè é. Èrò mi ni pé àwọn aṣọ yìí yóò ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, kí ìdí ọmọ náà ti mọ ọwọ́ mi kí ojú rẹ̀ tó mọ̀ mí. Nígbà tí o ní kí n má fi wọ́n ránṣẹ́, ó dà bíi pé èmi fúnra mi lo ní kí n má bọ̀. O kò sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe rí lára mi nìyẹn, ó sì rán mi létí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí o wà ní ọmọ ọwọ́, tí n kò tíì jókòó sọ fún ọ délẹ̀ rí.

O mọ̀ pé aṣọ la fi tọ́ ọ. Ohun tí o kò mọ̀ ni pé èmi àti bàbá rẹ ti lo àlòsọnù kí a tó padà sí aṣọ. Ìdí tí a fi padà ni mo fẹ́ kà fún ọ ní ẹsẹẹsẹ, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé pé kí á máa to ọ̀rọ̀. Bí mo bá ya kúrò lójú ọ̀nà, fara dà á fún mi. Kà á tán, kí o ṣe èyí tó bá wù ọ́.

Mo kéré nígbà tí mo bí ọ. Ìwé ẹ̀rí girama mi ṣì ń rùn bí bébà tuntun. Ẹgbẹ́dá la wà nígbà náà, nínú ilé oníyàrá púpọ̀ tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ ń ṣe iṣẹ́ àgbàfọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bàá ọ̀nà Ìdímù. Yàrá kan ṣoṣo la ní. Ọjọ́ kẹta tí mo bí ọ ni ìyá mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àpótí páànù kan.

Bí wọ́n ṣe ṣí àpótí náà, òórùn káńfọ̀ kún gbogbo ilé. Ìyá Súnbọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, sín lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè kí wọn.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀ o. Kí lẹ gbé wá fún wa? Àbí ilé ọba lẹ ti ń bọ̀?"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Òórùn ọlà nìyẹn, ọmọ mi. Àpótí tálákà kì í rùn báyìí."

Àkísà ló kún inú àpótí náà. Ìró wọn àtijọ́ ni, àwọn mìíràn sì jẹ́ ti ìyá tó bí wọn lọ́mọ. Wọ́n ti fọ wọ́n fún ọdún pípẹ́ títí wọ́n fi rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Wọ́n gé wọn tán, wọ́n kó wọn jọ ní ìdì ìdì, wọ́n sì ju káńfọ̀ funfun róbótó róbótó sáàárín kí aáyán má baà débẹ̀.

Ojú ń ti èmi. Mo ti rí ọmọ àwọn ẹlòmíràn nínú nápì funfun onírun tí wọ́n ń tà nílé ìtajà, tí wọ́n fi pínnì olórí aláwọ̀ ewé dè. Mo ní, "Màmá, ṣé kò sí tuntun ni?"

Wọ́n wò mí. "Tuntun? Aṣọ tuntun ò mọ nǹkan kan. Aṣọ tó ti rí ọjọ́ la fi ń gba ọmọ, kó lè kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń gbó. Ṣé o ò gbọ́ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà? Èmi ti ní àkísà náà fún un. Ó kù kóun náà ní tirẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń dè ọ́ mọ́nú àkísà kìn-ín-ní, òórùn náà ta sí mi lójú títí omi fi bọ́. Ó wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí á kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n. N kò sọ ọ́. Ìyá mi ló bí mi; kí ni mo fẹ́ kọ́ wọn nípa ọmọ wíwẹ̀?

Kò pẹ́ tí ẹyinjú rẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí omi àtalẹ̀ pupa. Ìyá mi ní ibà apọ́njú ni, wọ́n ní kí a máa gbé ọ sí oòrùn àárọ̀. A gbé ọ sí oòrùn. Ọjọ́ tí o kò mu ọmú mọ́, tí o kàn ń sùn ṣáá, bàbá rẹ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì gbé ọ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì tó gbà ọ́ ti dàgbà díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó tú ọ sílẹ̀, ó gbé àkísà náà símú, ó sì yíjú sí wa.

"Ta ló fi káńfọ̀ sáṣọ ọmọ?"

Bàbá rẹ wò mí. Ìyá mi nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. "Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ kó máa rùn dáadáa ni."

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin nìkan kọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn wà tí kò gba káńfọ̀ rárá, ṣe ló máa ń bà á jẹ́." Wọ́n gbé ọ lọ sábẹ́ iná aláwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n fi aṣọ bò ọ́ lójú, wọ́n sì ní kí a dúró síta. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A fún wọn ní bẹ́ǹṣì, wọn kò jókòó lé e.

Ọlọ́run dá ọ padà fún wa. Àmọ́ nígbà tí a gbé ọ délé, bàbá rẹ ti àpótí náà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò fẹ́ rí àkísà yìí mọ́ nínú yàrá yìí." Kò jágbe. Bó bá jágbe ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti tán síbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́, ó sì gún ìyá mi dé egungun.

"Mo gbọ́, ọmọ mi," ni wọ́n wí.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ti di ẹrù. Mo bẹ̀ wọ́n, mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní ta ni yóò máa bá mi wẹ ọmọ? Wọ́n ní mo ti mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo sìn wọ́n dé Ìyànà Ìpájà, ibi tí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ń dúró sí, pẹ̀lú ìwọ lẹ́yìn mi. Mo tú ọ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n gbà ọ́ mọ́ra kí wọ́n tó lọ. Wọ́n fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn.

"Jẹ́ kó wà lára rẹ. Ọwọ́ mi ti ń bà mí lẹ́rù."

Wọ́n wọ ọkọ̀. Mo dúró láàárín àwọn ọlọ́jà àti àwọn kọ̀ndọ́ ọkọ̀, mo ń wo ọwọ́ wọn lójú fèrèsé títí ọkọ̀ fi yí. Wọn kò jù ú sí mi.

Nítorí náà, Àbẹ̀ní, kí n tó sọ nǹkan mìíràn: yẹ gbogbo aṣọ tó ń bọ̀ sára ọmọ rẹ wò. Aṣọ ẹ̀bùn, fìlà, bùláńkẹ́ẹ̀tì, aṣọ tìrẹ tí o fi ń pọ̀n ọ́n. Bí ó bá rùn ní káńfọ̀, má fi kàn án. Fọ̀ ọ́, sá a sóòrùn, tún fọ̀ ọ́, tún sá a, má lò ó títí imú rẹ yóò fi wí pé ó ti tán. Èmi ni mo bí ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ lè ti wọ inú tirẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá sì pọ́n, má dúró de oòrùn àárọ̀, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ. Bó bá jẹ́ àpótí ìyá Káyọ̀dé ló ti wá, má bi wọ́n lójú èèyàn pé ta ló ṣe é. Gbà á, dúpẹ́, lọ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, nígbà tó bá ku ẹ̀yin méjì, sọ fún wọn jẹ́jẹ́. Má ṣe bíi tèmi tí ojú rí, tí ẹnu dákẹ́.

Nígbà tí ìyá mi lọ tán, bàbá rẹ lọ ra nápì àlòsọnù. Ìgbà náà, ó ṣọ̀wọ́n, ẹyọ ẹyọ ni wọ́n ń tà á. N kò ní purọ́ fún ọ, mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí fífọ̀, kò sí síse. Ẹ̀yìn rẹ̀ gbẹ, aṣọ mi gbẹ. Ìyá Súnbọ̀ wá wò ó, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ alágbàfọ̀ wọ ohun tí wọn kì í fọ̀! Ìyá Mojí, ṣé ọkọ rẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ ara rẹ̀ ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, bàbá rẹ náà rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ ohun tó gbẹ lẹ́yìn lè máà gbẹ nínú. Nítorí pé ó wọ́n, mo ń ṣún un lò. Mo ń sọ pé kò tíì kún, ó di ẹ̀ẹ̀kan sí i. Aṣọ kì í jẹ́ kí èèyàn ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i, ọmọ mọ̀, ìyá mọ̀, itan ìyá náà mọ̀. Ìdí rẹ pọ́n, ó bó. Bí mo bá fi omi kàn án, ìwọ á ké, èmi náà á ké. Ìdí kìn-ín-ní nìyẹn. Kì í ṣe pé nápì náà burú, èmi ni mo gbà á láyè láti tàn mí jẹ. Bí èyí ni ìwọ yóò lò, máa yọ ọ́ kíákíá, má wo ti owó tí Káyọ̀dé fi rà á.

Ìdí kejì, ajá ló mú un wá.

Ẹ̀yìn ilé la máa ń kó wọn dà sí, lórí ààtàn. A máa ń dáná sun ún, kì í jóná tán. Ṣe ló máa ń yọ́, tí yóò máa rú èéfín dúdú wọ ilé ìdáná. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Onílé ń ṣe àlùwàlá níwájú ilé. Àgbàlagbà ni wọ́n, ìdílé wọn ló ni gbogbo ilẹ̀ àdúgbò yẹn kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dé. Ajá kan wọ́ nǹkan funfun kan wá, ó tẹ́ ẹ síwájú kẹ́tù wọn.

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n wò ó. "Kí rèé? Ìrọ̀rí ni àbí búrẹ́dì?"

Ìyá Súnbọ̀ kò lè pa á mọ́ra. "Bàbá, búrẹ́dì Mojí ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa gbogbo ilé. Bàbá Onílé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n da omi kẹ́tù nù, wọ́n ní kí wọ́n pọn òmíràn wá, wọ́n sì pe bàbá rẹ.

"Alágbàfọ̀, ilẹ̀ bàbá mi rèé. A sin òkú sí i, ó jẹrà. A da èèpo ẹ̀gẹ́ sí i, ó jẹrà. Ìgbẹ́ gbogbo yín ló ń wọ inú rẹ̀, ó ń jẹrà. Ìgbà wo lèyí máa jẹrà?"

Bàbá rẹ wo nǹkan náà. Ó ní, "Bàbá, mi ò mọ̀."

"Ìwọ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Ṣé àwọn ọmọ ọmọ mi la ó fi sílẹ̀ fún kí wọ́n wá mọ̀ ọ́n?"

Bàbá rẹ fi ṣọ́bìrì kó o. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti rẹ́rìn-ín mọ́ bí Ìyá Súnbọ̀ bá ń fi nápì ṣẹ̀fẹ̀. Èèyàn tí kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni, bí ìwọ náà ṣe mọ̀, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè bá wọ inú rẹ̀, kì í tètè jáde.

Ìdí kẹta ni mo ti ń sá fún láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí.

Ìyá mi kò ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, mo máa bi í, á ní àlàáfíà ni wọ́n wà. Wọn kì í béèrè ọmọ. Àwọn tí mo gbà gbọ́ sọ fún mi pé bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun wá sí agbo ilé, ìyá mi yóò wá iṣẹ́ ṣe lọ́nà oko. Ìyá mi o, tí gbogbo àdúgbò ń pè wá wẹ ọmọ!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, o ń sùn, mo fa àpótí páànù náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé àkísà kan símú. Bàbá rẹ wọlé wá mu omi, ó bá mi bẹ́ẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ó ṣì ń rùn."

"Káńfọ̀?"

"Káńfọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Màmá náà wà níbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀."

Ó mu omi rẹ̀ tán. Ó wá tẹ̀ ba, ó ti àpótí náà pa, ó gbé e lé èjìká.

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Ṣọ́ọ̀bù. Àbí kí làwọn èèyàn ṣe ń gbéṣẹ́ fún mi, bí mi ò bá lè yọ òórùn lára aṣọ?"

Ó sè wọ́n nínú agolo ńlá tó fi ń se aṣọ oníbàárà. Ó fi omi ṣàn wọ́n, ó sá wọn, ó kó wọn, ó gbóòórùn wọn, ó tún sè wọ́n. Bí mo bá gbé oúnjẹ rẹ̀ lọ, màá rí i tó ń ti orí okùn kan bọ́ sórí òmíràn pẹ̀lú imú rẹ̀ lára aṣọ bí ajá ọdẹ. Nígbà tí ó ní ó ti tán, mo mú ọ̀kan lọ bá nọ́ọ̀sì ọjọ́sí. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Oòrùn nìkan ló ń rùn. Ẹ lè lò ó."

Bàbá rẹ wá fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ gbogbo rẹ̀, tinú tẹ̀yìn. Èyí ṣe pàtàkì, Àbẹ̀ní: eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sórí aṣọ tí kò bá gbẹ dénú, ìdin rẹ̀ sì máa ń wọ ara ọmọ bí eéwo. Aṣọ ọmọ kankan kò gbọdọ̀ kàn án lára láìjẹ́ pé o lọ̀ ọ́. Bó o bá fẹ́ lo aṣọ, kódà fún ìgbà díẹ̀, kọ́kọ́ gbọn ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, rẹ ẹ́ sínú omi tútù, fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, sè é, sá a síbi tí oòrùn ti mú. Má sá a sábẹ́ igi. Má sì dá a fọ̀. Bàbá rẹ ló ń fọ ọ̀pọ̀ nínú tìrẹ. Ìyá Súnbọ̀ máa ń kígbe láti ojú kànga pé, "Bàbá Mojí, ẹ wá bá wa fọ tiwa náà o, a ó fi ẹyin díndín sanwó yín!" Bàbá rẹ á ní, "Ẹ gbé e wá, àmọ́ ti àgbàlagbà, iye ẹ̀ yàtọ̀." Káyọ̀dé kì í ṣe alágbàfọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́wọ́. Bí ọmọ ẹni bá ṣu síni lẹ́sẹ̀, a kì í gé ẹsẹ̀ sọnù. A máa ń nù ún ni. Kò sí ẹni tó sọ pé ìyá nìkan ni kó máa nù ún.

Mo dé Ìyànà Ìpájà, mo wá dẹ́rẹ́bà tó mọ agbo ilé wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ìyá mi pé àkísà wọn wà lórí okùn wa. Ẹ ní ọmọ ti wọ̀ ọ́, ara rẹ̀ le, àmọ́ mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń dè é kó má jábọ́."

Irọ́ ni. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń dè é.

Ìyá mi dé. Wọn kò wọlé, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n gbà. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Àkísà wọn tò lórí okùn láti ògiri dé ara igi ìbẹ́pẹ, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn. Ìyá mi dúró sábẹ́ wọn. Wọ́n fọwọ́ kan èkíní, wọ́n fọwọ́ kan èkejì, wọ́n gbé ẹ̀kẹta símú. Mo gbé ọ jáde.

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Bàbá Mojí ni, Màmá."

"Ó lọ àkísà?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn, omi bọ́ lójú wọn. "Yéè! Ó lọ àkísà bí ẹni lọ agbádá!"

Mo nà ọ́ sí wọn. Mo ní, "Ó ti tọ̀. Ẹ bá mi yí i." Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n nù ún mọ́ ìró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà ọ́.

Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa títí o fi ń rá. Ọwọ́ yẹn náà ló dì ọ́ mú nígbà tí o kọ́kọ́ dìde. O kò lè rántí. Wọ́n ti fayé sílẹ̀ báyìí, Àbẹ̀ní. Bí mo ṣe ń gé ìró mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ tèmi ni mò ń wò, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń di àlùmọ́gàjí mú ni mo di tèmi mú, mo sì pè wọ́n lórúkọ nínú yàrá tí kò sí ẹnì kankan.

Ṣé o ti wá rí i? Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló dé tí ẹ fi yan aṣọ, màá sọ ti ìdí tó bó, màá sọ ti ilẹ̀ Bàbá Onílé. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó mú wa padà gan-an ni pé nápì àlòsọnù kò fi iṣẹ́ kankan sílẹ̀ fún ọwọ́ ìyá mi. Aṣọ fi í sílẹ̀. Aṣọ fẹ́ ẹni tí yóò gé e, ẹni tí yóò fọ̀ ọ́, ẹni tí yóò lọ̀ ọ́, ẹni tí yóò jókòó ká a nírọ̀lẹ́. Ó kó wa jọ sí ìdí rẹ.

Nítorí náà n kò sọ pé kí o fi aṣọ tọ́ ọmọ rẹ nítorí mi. Omi Kàdúná kì í ṣe omi wa, iṣẹ́ rẹ kì í ṣe iṣẹ́ mi, o sì mọ ohun tí agbára rẹ ká. Lo àlòsọnù, máa yọ ọ́ lásìkò, máa kó o síbi tí ajá kò ti ní dé. N kò ní bínú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo nǹkan tí ọmọ náà ń fẹ́, fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Ìbáà ṣe aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ fún un lẹ́yìn ìwẹ̀. Ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ń nu itọ́ rẹ̀. Má sọ fún mi mọ́ pé kí n sinmi. Ìsinmi ti pọ̀ jù nílé yìí láti ìgbà tí ẹ ti lọ tán.

Kí ìyá ọkọ rẹ fún mi, kí o sì kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ padà sílé wọn, bí ó bá rẹ̀ wọ́n, bí ó bá ṣe pé wọ́n kàn sọ ọ́ pé àwọn fẹ́ lọ wo ọjà wọn, ránṣẹ́ sí mi. Irọ́ kékeré pàápàá tó, bíi pé o kò mọ bí wọ́n ṣe ń dè é. Màá gbà á gbọ́.

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ti kó àwọn aṣọ náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ̀ wọ́n, ó ń fẹ́ná sí áyọ̀ọ̀nù. Mo ní, "Wọ́n ní wọn ò fẹ́ aṣọ mọ́." Ó ní, "Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí," ó sì ń fẹ́ná rẹ̀ lọ.

A ó dì wọ́n padà sínú àpò lálẹ́ yìí. Kò sí káńfọ̀ níbẹ̀. Oòrùn nìkan ni wọ́n ń rùn.

Èmi ni, tí ọwọ́ mi ṣófo,
Ìyá rẹ.